Ajere Kì í Ṣe Ìkòkò Ètùtù

Tí wọ́n bá bi màmá mi ní Òkélele, ní Ìlọrin, pé iṣẹ́ wo lọmọ yín obìnrin ń ṣe, wọ́n á ní "ó ń bá ìjọba kọ nǹkan," wọ́n á wá tètè yí ọ̀rọ̀ sí bí ata ṣe wọ́n ní Ọjà Ọba. Mi ò bá wọn jà. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá oníwàrà pé ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ bíi àádọ́ta tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ní míúsíọ́ọ̀mù ló ń kọ, pé ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ ẹyọ ọ̀kan?

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n tiẹ̀ bi mí lójú ara mi. Alfa ni wọ́n, wọn kì í sì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ère. Mo ní rárá sà, lébẹ́ẹ̀lì ni mò ń kọ. Wọ́n ní lébẹ́ẹ̀lì kí ni. Mo ní ti ère, sà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "Ó dáa. Ṣáà rí i pé o ò máa kí wọn."

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí ni pé ọmọ kan tó ń ṣe kọ́pà ní ìhà Ọ̀mù-Àrán fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi pé Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe wọ iṣẹ́ míúsíọ́ọ̀mù, ó wu èmi náà, mo fẹ́ràn ìwé kíkọ mo sì fẹ́ràn kí n máa kọ́ ọmọdé. Mo gbìyànjú vóìsì nóòtù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ń gùn jù, ẹ̀kẹta tiẹ̀ di ìwàásù. Mo ní ó yá, kí n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó kà á.

Ohun àkọ́kọ́ tí mi ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rèé: ẹni tó ń ka ìwé, ìjókòó ló wà, ẹni tó ń ka tèmi, ìdúró ló wà. Ó ti rìn wá láti ibi tí ọkọ̀ já a sí, oòrùn ti na orí ẹ̀, ọmọ ń fà á láṣọ pé òun fẹ́ tọ̀, báàgì wà léjìká, iná sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kí fáànù dúró. Ẹni yẹn lò ń kọ nǹkan fún o. Kì í ṣe lẹ́kíṣọ́rà rẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́, mo kọ igba ó lé ogójì ọ̀rọ̀ sí abẹ́ igbá fínfín kan, mo fi gbogbo ohun tí mo kà ní yunifásítì sí i, inú mi ń dùn. Ọ̀gá mi ò bá mi wí rárá. Wọ́n ní kí n gbé àga sí ẹnu ọ̀nà kí n máa wo àwọn èèyàn. Mo jókòó. Àlejò kan dé iwájú igbá náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí n tó ka mẹ́jọ ó ti kọjá. Ẹnìkejì ò tiẹ̀ dúró. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí oòrùn fi wọ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló kà á dópin, mo sì bi í léèrè, tíṣà ni, ó ń wá àṣìkọ.

Látìgbà yẹn, àádọ́ta ọ̀rọ̀, ó pọ̀ tán, ọgọ́ta. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kárí ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ohun téèyàn lè rí lójú lò ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ọdún, kì í ṣe orúkọ òyìnbó. O fẹ́ kó ka gbólóhùn kan kó gbójú sókè wo nǹkan yẹn padà. Tí ò bá gbójú sókè, o ti pàdánù ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni mo sì jẹ́, ó yẹ kí n ti mọ èyí tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọdé kékeré ní Ìdí-Àpẹ nípa òkúta tó fún ìlú yìí lórúkọ, á ní òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí ẹ̀ ni, ìyẹn ni Ìlọ-irin, Òjó Ìṣẹ̀kúsẹ̀ ló ń lò ó. Ó tán. Kò dé ogún ọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń wo òkúta náà, ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò. Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní bí wọ́n ṣe ń kọ lébẹ́ẹ̀lì?

Ẹ jẹ́ n padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ná. Wọ́n kó wa lọ míúsíọ́ọ̀mù Ẹ̀sìẹ́ láti iléèwé nígbà tí mo wà ní JSS 2, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò tì, a gba Ìdòfìan, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òro, a ń kọrin lọ. Mo rò pé ère igi la fẹ́ lọ wò. Ìgbà tá a wọlé, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ dà bíi pé ìpàdé kan là ń já lù. Àwọn èèyàn òkúta jókòó lórí àpótí, àwọn míì mú idà dání, irun wọn dì bí ẹni pé onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò, ilà wà lójú àwọn míì. Orí nìkan ló kù nínú àwọn kan. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, kò sì síbòmíì ní Áfríkà tí irú ère òkúta ọṣẹ yẹn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Òkúta ọṣẹ yẹn rọ̀, èékánná èèyàn lè fá a, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó mú wa káàkiri fi ń pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi sì fọwọ́ kàn án o. Ẹ má sọ fún wọn.

Ní 1933, ọ̀gá òyìnbó kan tó ń bẹ àwọn iléèwé ìjọ CMS wò, Ramshaw, ló kọ̀wé nípa wọn sí ìjọba. Ní 1945 wọ́n kọ́lé lé wọn lórí, ìyẹn sì ni míúsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kí Jos tó dé ní 1952, kí ti Lagos tó dé ní 1957. Kenneth Murray tí wọ́n fi ṣe alábòójútó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943 náà, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ ọnà ló jẹ́, 1927 ló ti wà nílẹ̀ yìí. Ṣé ẹ rí nǹkan tí mò ń sọ? Ẹni tó kọ̀wé, iléèwé ló ń bẹ̀ wò. Ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, tíṣà ni. Nítorí náà tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ jẹ́ nǹkan kékeré tí wọ́n fi kún iṣẹ́ míúsíọ́ọ̀mù (mo ti gbọ́ ọ létí mi, lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀), ẹ sọ fún un pé ọwọ́ àwọn tíṣà ló ti bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ìwé sí ìjọba ṣáà ni Ramshaw kọ, kì í ṣe òun ló rí ère wọ̀nyẹn. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́, ọdẹ ló kọ́kọ́ bá wọn pàdé nínú igbó, wọ́n ń ṣe ọdún fún wọn lọ́dọọdún títí dòní. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó wá sílùú, wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ ní tiwọn ní wọ́n gbẹ́ wọn ni, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ wọn àti ibi tó ti wá, àwọn kan wo Ifẹ̀, àwọn kan wo ọ̀dọ̀ Nupe, àwọn kan wo Ọ̀yọ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi èyí dán ara mi wò nínú nóòtùbùkù mi, láti kọ ìtàn méjèèjì nínú ọgọ́ta ọ̀rọ̀ láìfi ọ̀kan bú ìkejì. Ẹ dán an wò, ẹ máa rí i. Tó o bá kọ "àwọn ará ìlú gbà gbọ́ pé...", o ti sọ lábẹ́lẹ̀ pé wọn ò gbọ́n. Tó o bá kọ "wọ́n di òkúta" lásán, onímọ̀ á ní irọ́ lò ń pa fọ́mọ ọlọ́mọ. Èyí tó sún mọ́ ohun tí mò ń wá jù tí mo ti kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Wo ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń di idà mú. Ní Ẹ̀sìẹ́, wọ́n á sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ." Mo fẹ́ràn ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ajere.

Mi ò ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀bi tèmi ni. Wọ́n kó ìkòkò bíi ogún jáde láti yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n kọ lébẹ́ẹ̀lì fún gbogbo ẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, ìyẹn Ọjọ́ Míúsíọ́ọ̀mù Lágbàáyé, ọjọ́ tí iléèwé máa ń ya wá bí omi. Orù, mo mọ̀ ọ́n. Àmù, mo mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà mi ní ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí omi ẹ̀ tutù ju ti fíríìjì lọ. Ìṣaasùn, agbada, mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan wá wà níbẹ̀ tó kún fún ihò, láti ìdí dé ọrùn, ihò tí ìka ọmọdé lè wọ̀. Fáìlì ẹ̀ sọ pé "ìkòkò oníhò", kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá a nínú ìwé méjì tó wà nílẹ̀, mi ò rí nǹkan gidi. Ilẹ̀ ń ṣú. Ni mo bá kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkòkò tí wọ́n ń lò fún ètùtù.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Nǹkan téèyàn ò bá ti mọ̀ nínú míúsíọ́ọ̀mù, ètùtù ni. Ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa jà ọ́ níyàn.

Ọjọ́ náà dé. Iléèwé kan kó ọmọ wá, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà mú ìyá ẹ̀ dání torí pé kò sẹ́ni tó máa jókòó ti màmá nílé. Àláájà àgbàlagbà, ìbòrí funfun, ọ̀pá lọ́wọ́. Màmá yìí dé iwájú ìkòkò mi, wọ́n ní kí ọmọ wọn ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fáwọn. Ó kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún un sọ lédè Yorùbá. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn o, ẹ̀rín tó ti ikùn wá ni, wọ́n tiẹ̀ ní láti di ọ̀pá mú dáadáa. Wọ́n ní:

"Ètùtù kẹ̀? Ajere rèé o! Òun ni ìyá mi fi ń sẹ́ irú. Tí ẹran bá wà, wọ́n á kó ẹran sínú ẹ̀, wọ́n á gbé e ká orí iná kéèéfín máa gbẹ ẹ́. Ta ló fi ajere ṣètùtù?"

Mo wà lẹ́yìn wọn gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo kọ ọ́, ẹ má bínú mà. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ìwọ? Ọmọ ta ni ẹ́?" Mo sọ ilé wa fún wọn. Wọ́n ní "Òkélele! Ọmọ Òkélele ò mọ ajere!" Èyí ló dùn mí jù. Dada wà nítòsí wa níbẹ̀, níbi táwọn ìyá ti ń fọwọ́ lásán mọ ìkòkò láìsí ẹ̀rọ kankan, tí wọ́n ń kó koríko àti igi jọ síta gbangba láti fi sun ún, tí wọ́n á wá fi omi èèpo èso igi irú wọ́n ọn nígbà tó ṣì gbóná kí àwọ̀ ẹ̀ lè jáde. Mo ti gbé ibẹ̀ kọjá lọ iléèwé ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi. Fíríìjì àti asẹ́ oníke ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajere kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n àwáwí lásán nìyẹn, torí ìrìn díẹ̀ ni ì bá gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ kí n tó kọ ọ́.

Màmá ò tíì ṣe tán. Wọ́n ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sínú ìkòkò náà. Mo tàn án. Inú àwọn ihò yẹn, kì í ṣe ẹ̀yìn ìkòkò o, inú ihò gan-an, dúdú kirimù, èéfín ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà. Ìdí ẹ̀ náà dúdú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi gbé ìkòkò yẹn síwájú mi, mi ò wo inú ihò ẹ̀ rí. Ìwé ni mo ń wò.

Nígbà yẹn àwọn ọmọ iléèwé ti pé lé wa lórí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé èéfín ń wá nínú ihò. Ọmọkùnrin kan ní wọ́n máa ń gbé e bo àtùpà kí ìmọ́lẹ̀ lè máa tò sára ògiri. Àláájà ní kò burú, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní ìyá òun àgbà ní Àrándùn ní irú ẹ̀, adìyẹ ló ń yé ẹyin sínú ẹ̀ báyìí. Kí n tó mọ̀, wákàtí kan ti lọ lórí ìkòkò kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n sì ní kí n fi han àwọn ọmọ jẹ́ ogún. Mo kúkú pa àwọn yòókù tì.

Ohun tí mo máa sọ fún kọ́pà mi nípa apá ẹ̀kọ́ nìyẹn. Má bi ọmọ pé ṣé ó ní ìbéèrè, kò ní sọ nǹkan kan, tíṣà ẹ̀ wà lẹ́yìn. Gbé nǹkan síwájú ẹ̀, ní kó sọ ohun tó rí. Tó bá sọ ọ́, bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà pa ẹnu dé. Ìpanudé yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ yìí, pàápàá fún àwa tá a fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

Bó o ṣe máa wọlé wá ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Àjọ tó ń rí sí míúsíọ́ọ̀mù àti ibi ìrántí nílẹ̀ yìí, National Commission for Museums and Monuments, tí òfin 1979 dá sílẹ̀, ló ni èyí tó pọ̀ jù, Ẹ̀sìẹ́ náà wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́. Ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ tí wọ́n ń wú nílẹ̀, èdè Yorùbá, iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ olùkọ́, gbogbo ẹ̀ ló wúlò, mo ti bá ẹni tó ka kẹ́mísìrì ṣiṣẹ́ rí, òun ló mọ ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe fún aṣọ òkè jù nínú wa. Iléèwé pàtó wà ní Jos, ọdún 1963 ni UNESCO ti bá wọn dá ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ míúsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ Áfríkà. Tó o bá wà ní kọ́pà lọ́wọ́lọ́wọ́, tọrọ kí wọ́n jẹ́ kí CDS ẹ, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí kọ́pà ń ṣe, jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n máa ń nílò ọwọ́.

Yàtọ̀ sí lébẹ́ẹ̀lì, wàá kọ ọ̀rọ̀ ògiri ńlá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ létí láti inú fóònù, ìwé iṣẹ́ fọ́mọ iléèwé, lẹ́tà ìtọrọ owó (púpọ̀!), ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò lórí Instagram. Owó ńkọ́? Ti ìjọba kì í pọ̀ ṣùgbọ́n ó ń dé. Ti kọ́ńtíráàtì ni kó o ṣọ́. Àwọn kan tí mi ò ní dárúkọ gba odidi ìwé àfihàn lọ́wọ́ mi, oṣù méje ni mo fi pè wọ́n kí wọ́n tó san ìdajì, ìdajì yòókù ṣì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Gba owó àsansílẹ̀ kó o tó kọ lẹ́tà A. Mo ń tún un sọ o, kó o tó kọ lẹ́tà A.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù. Ibi tí mo wà nígbà yẹn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kọ sára nǹkan, ìdí tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé àyè ò sí. Àyè ò sí! Ìkòkò tí Yorùbá mọ, tí Yorùbá lò, tí wọ́n gbé sí àárín Yorùbá. Ní ilé John Randle ní Oníkàn ní Lagos, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá, èdè wa wà lára ògiri, ojú ò sì ti ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Àláájà yẹn, mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní mo fẹ́ tún lébẹ́ẹ̀lì kan kọ, Yorùbá á wà lókè, Gẹ̀ẹ́sì á wà nísàlẹ̀. Mo ti ro gbogbo ohun tí mo máa fi jà sílẹ̀. Wọ́n ní "Kọ ọ́ wá." Ìjà tí mo gbé wá ò ríbi lò.

Ohun tí mo kọ nìyí:

"Tan iná wo inú àwọn ihò yìí. Èéfín lò ń rí yẹn. Ajere ni. Wọ́n ń fi sẹ́ irú, wọ́n sì ń kó ẹran sínú ẹ̀ sórí iná kó lè gbẹ. Ṣé ọ̀kan ṣì wà nílé yín? Sọ fún wa."

A so tọ́ọ̀ṣì kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú okùn. Bátìrì ẹ̀ ń tán ní gbogbo ìgbà, èmi ni mo ń rà á.

Atẹ̀wé tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ní àdúgbò Táíwò ò ní fọ́ǹtì tó mọ àmì ohùn. Nígbà tí mo lọ gbà á, gbogbo ibi tí àmì yẹ kó wà ti di àpótí kéékèèké, "ẹran" ti di àpótí àti "ran", "sẹ́" ti fọ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tọ́ tó sì ṣe pàtàkì lójú bébà náà ni "Ajere", torí òun ò nílò àmì kankan. Owó àtúntẹ̀ ò sí. Mo gé bébà funfun ní wẹ́wẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ bo àwọn àpótí yẹn, mo fi báírò dúdú kọ àwọn lẹ́tà náà padà sórí ẹ̀, àmì lórí, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, báírò ti ń ṣá, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ ti tún un kọ.